Kòkòrò-igi àti Òfin Ara Igi

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ sún mọ́ra, ẹ fún àwọn tó wà lẹ́yìn láyè. Ààlọ́ tèmi kò gùn, kò kúrú. Ó yí bìrìbìrì, ó kọjá lórí ẹni tó ga, ó kọjá lórí ẹni tó sanra, ó wá dúró lórí Kòkòrò-igi, ẹni tí kò ju èékánná ọwọ́ yín lọ. Ó dúró lórí Àkókó, ẹyẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ó dúró lórí Ẹfọ̀n, ọba oníwo méjì. Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ wọn?

A gbọ́ ọ.

Ó dáa.

Nígbà kan, gbogbo ẹranko ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan tó ń jẹ́ Abẹ́gi. Wọ́n ní ọba, wọ́n ní ìjòyè, wọ́n ní ọjà. Inú ọpọ́n ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ọpọ́n kékeré fún ọmọdé, ọpọ́n ńlá fún àgbà. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọpọ́n. Àkókó ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ.

Bí Àkókó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ó gbé igi kalẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́nu, kó-kó-kó. Ọpọ́n ti dé. Ó fa ìlà mẹ́ta sí etí rẹ̀, fàà, fàà, fàà. Ó parí. Ó gbé òmíràn. Kó-kó-kó. Fàà, fàà, fàà. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú ọpọ́n Àkókó, ẹ ti rí gbogbo wọn. Bí ọpọ́n ìyálé àti ọpọ́n ìyàwó bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ìjà ni, torí pé kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Kòkòrò-igi náà ń gbẹ́ ọpọ́n. Ó kéré. Kò ní àáké, kò ní ọ̀bẹ. Eyín méjì péré ló ní. Àwọn yòókù máa ń jókòó, wọ́n á máa yí igi lọ́wọ́. Kòkòrò kò ní agbára tó lè fi yí igi. Nítorí náà, igi á dúró, òun á máa yí igi ká. Ó yí i lọ́tùn-ún, ó yí i lósì. Bó ṣe ń yí ni eyín rẹ̀ ń fà á lára, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Nígbà tó bá yí i tán, ọpọ́n á rí roboto, ọnà á sì wà lára rẹ̀. Ọnà náà kò jọ ti àná. Kò sì ní jọ ti ọ̀la.

Bó bá ń yí, á máa kọrin. Ẹ̀yin lẹ máa gbè é. Ẹ máa wí pé, "Yí i ká."

Mo dé ìdí igi, mo bá igi lójú oorun.
Yí i ká.
Mo ní kí n jí i, eyín ni mo fi jí i.
Yí i ká.
Ọ̀nà tó bá wù mí ni mo máa gbà.
Yí i ká.
Ẹsẹ̀ mi mẹ́fà, kò sí èyí tí wọ́n yá mi.
Yí i ká.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Òkété wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìyá Òkété obìnrin ń lọ sílé ọkọ.

"Kòkòrò, ṣé o wà nílé? Mo fẹ́ ọpọ́n."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Òkété. Irú ọpọ́n wo?"

"Èyí tí ọmọ mi á máa wò, tá á máa rántí ilé."

"Kí ló máa ń wò nílé?"

Ìyá Òkété ronú títí. "Ilẹ̀," ló wí. "Inú ihò la wà. Kí lo tún fẹ́ kó máa wò?"

Kòkòrò rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú ihò Ìyá Òkété, ó rìn ín já. Ó rí ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rí ìyẹ̀wù. Ó rí ibi tí wọ́n ń kó èkùrọ́ pamọ́ sí. Ó padà sídìí igi rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká. Nígbà tó parí, gbogbo ilé Òkété ló wà lára ọpọ́n náà, títí kan ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń gbà sá fún ọdẹ.

Ìyá Òkété gbà á. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ibi èkùrọ́ yìí," ló wí níkẹyìn, "pa á rẹ́ díẹ̀. Àna mi ní ojúkòkòrò."

"Ìyá, ẹ má fi orúkọ mi bú àna yín."

"Mo tọrọ àforíjì. Àna mi jẹun kì í yó. Ṣó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ọ̀rọ̀ ọpọ́n náà kárí ìlú. Gbogbo ayé ń bọ̀ lọ́dọ̀ Kòkòrò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kó fín igi tí wọ́n ti bí òun sí ara ọpọ́n òun. Ó fín in. Ọ̀bọ ní ẹ̀rín ìyá òun ni òun fẹ́. Kòkòrò fín ẹ̀rín. Bó ṣe ṣe é, mi ò mọ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹun nínú ọpọ́n yẹn máa ń rẹ́rìn-ín, àní bí ọbẹ̀ kò bá níyọ̀.

Ní ìdí igi Àkókó, koríko ti ń hù. Ọpọ́n rẹ̀ wà lórí ara wọn, wọ́n ga tó ilé, kò sẹ́ni tó rà á. Àkókó kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé. Ààfin ló gbà lọ.

"Kábíyèsí, ìlú ti ń bàjẹ́."

"Kí ló bà á jẹ́?" ni Ẹfọ̀n wí.

"Ọpọ́n ni, Kábíyèsí. Ọpọ́n kò jọra mọ́."

Ẹfọ̀n jẹ koríko ẹnu rẹ̀ tán. "Ṣé ọbẹ̀ ń jò níbẹ̀ ni?"

"Kò jò."

"Ṣé ó ń pa ẹni tó ń jẹun níbẹ̀?"

"Kò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun nínú ọpọ́n tó yàtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro èrò tó yàtọ̀. Kábíyèsí kò rí i pé Ọ̀bọ ń rẹ́rìn-ín? Ta ló mọ ohun tó ń fi rẹ́rìn-ín? Ó lè jẹ́ ìwo yín."

Ẹfọ̀n yí orí. Ó wo òjìji ìwo rẹ̀ lára ògiri, ó tún un wò.

"Ìwo mi? Kí ló ṣe ìwo mi?"

"Mo ní ó lè jẹ́ ni, Kábíyèsí."

Ẹ wo bí òfin ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan, ọjà rẹ̀ kò tà. Ẹnì kan, ìwo rẹ̀ ń dẹ́rù bà á. Àwọn méjèèjì jókòó sí iyàrá kan, nígbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n ní ìlú ló ń bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, akéde lu agogo yí ìlú ká. Ó ní, "Ọba ní kí ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ọnà sí ara ọpọ́n mọ́, àfi ìlà mẹ́ta ti Àkókó. Ẹni tó bá dán an wò, eyín rẹ̀ la máa yọ."

Kòkòrò gbọ́. Ó fọwọ́ kan eyín rẹ̀ méjèèjì, ó rí i pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Kòkòrò tí kò léyín, kí ló fẹ́ fi gbẹ́ igi? Kí ló fẹ́ fi jẹun pàápàá? Ó jókòó, ó ro òfin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọpọ́n ni wọ́n wí," ló wí fún ara rẹ̀. "Wọn ò wí ti odó."

Ó wá igi odó, ó yí i ká. Ó fín òjò sí ara odó náà, òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí àwọn obìnrin ń sáré ká aṣọ nílẹ̀. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló fẹ́ gúnyán nínú odó yẹn. Wọ́n á gún un, wọ́n á tún un gún, torí pé wọn ò fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ọkọ wọn ń pariwo nílé pé iyán ti ń fà jù.

Àkókó gbọ́. Ó lọ sí ààfin. Agogo tún dún. "Ọba ní kí ẹ gbọ́. Ara ọpọ́n, ara odó, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fín ọnà síbẹ̀. Eyín la máa yọ."

Kòkòrò tún rò ó. "Ọpọ́n àti odó ni wọ́n wí. Wọn ò wí ti àpótí."

Ó wá igi, ó gbẹ́ àpótí ìjókòó. Ó gbẹ́ ẹ fún gbogbo ìjòyè ìlú, kálukú pẹ̀lú ọnà tirẹ̀. Ti Ìgbín, tó jẹ́ àgbà jù nínú wọn, ó fín ewé tí ìrì wà lórí rẹ̀ sí i. Nígbà tí ìjòyè gbé àpótí wọn dé ìpàdé, kò sí ẹni tó jókòó. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo àpótí.

"Kí ló dé tí ẹ dúró?" ni Ẹfọ̀n bi wọ́n. "Ṣé ẹ fẹ́ máa lọ ni?"

"Rárá o, Kábíyèsí," ni Ìgbín dáhùn. "A kàn ń ronú pé ohun tó dára báyìí, ṣé ìdí ló yẹ ká gbé lé e?"

Inú bí Ẹfọ̀n. Ọba nìkan ló jókòó nínú ìpàdé ọjọ́ yẹn, ó sì dà bí ẹni pé òun ni wọ́n pè wá jẹ́jọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, agogo dún. Lọ́tẹ̀ yìí, Àkókó fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ọba nígbà tó ń ṣòfin, kí àlàfo má baà sí níbẹ̀. "Ọba ní kí ẹ gbọ́ o. Ara igi. Igi èyíkéyìí. Ìbáà jẹ́ igi tó dúró, ìbáà jẹ́ igi tó ṣubú, ìbáà jẹ́ ọpọ́n, odó, àpótí, orógùn tàbí igi ìdáná. Ẹni tó bá fín ọnà sí ara igi, eyín rẹ̀ la máa yọ, àwa náà la máa mú ẹ̀mú wá."

Kòkòrò ro òfin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò rí ibi tó lè gbà. Ó lọ jókòó sílé.

Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ méjì kọjá, ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ìyá Òkété lọ wò ó.

"O ti rù."

"Eyín ló ń yún mi, Ìyá."

"Lọ fa ìlà mẹ́ta bíi ti Àkókó, kó o rí nǹkan jẹ."

"Mo ti dán an wò. Mo fa ọ̀kan, ó tọ́. Èkejì ní òun fẹ́ yà sọ́tùn-ún."

"Ṣé ó yà?"

"Mo sá kúrò níbẹ̀ kó tó yà."

Ìyá Òkété mi orí. Ó gbé èkùrọ́ díẹ̀ tó mú wá kalẹ̀. Ó dìde, ó fẹ́ máa lọ. Ó wá kí i bí àgbà ṣe ń kí ọmọdé.

"Ṣùgbọ́n ara rẹ le?"

"Ara mi le, Ìyá. Inú mi ni kò dùn."

Bó ṣe wí i tán, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ta sí i létí. Ó wo ilẹ̀. Ó tún un wí. "Ara mi le. Inú mi ni kò dùn."

"Mo ti gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́," ni Ìyá Òkété wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ara àti inú, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló dé tó o fi dá mi lóhùn lọ́nà méjì?"

Kòkòrò fò dìde. Èkùrọ́ tú ká ilẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó lọ sí ìdí igi arère kan lẹ́yìn ìlú. Ó lu ihò kékeré kan sí èèpo rẹ̀, ihò tí abẹ́rẹ́ á fi fún ara rẹ̀ kó tó kọjá. Ó wọlé. Ó dé abẹ́ èèpo, níbi tí igi ti tutù tó sì rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ gbè é.

Ìta ni agogo, inú ni mo wà.
Yí i ká.
Mo yà sọ́tùn-ún, kò sẹ́ni tó ní kí n má yà.
Yí i ká.
Mo yà sósì, mo tún padà wá kí ọ̀tún.
Yí i ká.

Lójoojúmọ́ ni Àkókó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi arère yẹn. Ó ń wo ara igi náà. Ara rẹ̀ ń dán. "Igi dáadáa," ni Àkókó máa ń wí, á sì kọjá lọ.

Kòkòrò kúrò nínú arère, ó wọ igi mìíràn. Ó kúrò níbẹ̀, ó wọ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n ń já bọ́. Ìyá Òkété ṣa igi ìdáná wálé. Ó fẹ́ fi ọ̀kan sínú iná, èèpo rẹ̀ bó lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó rí kò jẹ́ kó fi í síná. Ọnà wà níbẹ̀, láti ìdí dé orí: ọ̀nà tó yà, tó pínyà, tó tún pàdé.

"Ẹ wá wo nǹkan," ló ké sí àwọn aládùúgbò.

Wọ́n wá wò ó. Kálukú sáré padà sílé, wọ́n ń bó èèpo igi ìdáná wọn. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí èéfín nínú ìlú Abẹ́gi. Ọkọ ń béèrè oúnjẹ, ìyàwó ń wí pé, "Èwo ni kí n fi dáná nínú wọn? Fi ọwọ́ kan èyí tó o fẹ́ kí n jó." Ọkọ náà á wò ó, á ní, "Jẹ́ ká mu gààrí." Ní ààfin pàápàá, alásè ọba jókòó ti igi ìdáná, ó lanu sílẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ebi ń pa ọba.

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Wọ́n mú Kòkòrò dé ààfin. Gbogbo ìlú pé. Ẹfọ̀n fẹ̀yìn ti òpó ńlá tó gbé òrùlé ààfin ró. Ìjòyè jókòó. Àkókó dúró pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

"Ìwọ Kòkòrò," ni Ẹfọ̀n wí, "o gbọ́ òfin mi?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ."

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ọnà sí ara igi."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo fín in sí inú igi."

Ẹnì kan húkọ́.

"Inú o, ara o, igi ṣáà ni," ni Àkókó wí. "Yanu."

"Kábíyèsí," ni Kòkòrò wí, "kí wọ́n tó yọ eyín mi, ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n bi yín ní ìbéèrè kan."

"Bi mí, kó o sì yára. Ebi ń pa mí."

"Nígbà tí oúnjẹ yín pẹ́ lónìí, kí ló bí yín?"

"Inú ló bí mi. Inú ṣì ń bí mi."

"Kì í ṣe ara?"

"Ta ni ara ń bí?" ni Ẹfọ̀n wí. "Ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé ara ń bí ẹnì kan?"

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ààfin. Ẹfọ̀n ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò mọ ohun tí wọ́n ń rín.

Ìgbín na ọrùn jáde. "Kábíyèsí, ẹ ti dá ẹjọ́ náà."

"Ìgbà wo?"

"Ní báyìí. Ẹ ní inú yàtọ̀ sí ara. Òfin yín mú ara igi. Kò mú inú rẹ̀. Eyín ọmọ yìí kò ṣẹ̀ yín."

Ẹfọ̀n ti sọ ọ́, kò lè kó o jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Tẹ́ ẹ bá borí wọn nínú òfin àná, wọ́n á ti ṣe ti ọ̀la kí itọ́ ẹnu wọn tó gbẹ. Ẹfọ̀n fi ẹsẹ̀ na ilẹ̀.

"Ó dáa. Kó máa gbé eyín rẹ̀ lọ lónìí. Tó bá di ọ̀la, ara igi àti inú igi, òfin mi mú méjèèjì."

"Báwo la ṣe máa mọ ohun tó wà nínú igi?" ni Ìgbín bi í.

"Ẹ là á."

"Gbogbo igi ìlú?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Abẹ́ èwo ni Kábíyèsí á wá máa jókòó sí nígbà oòrùn?"

Ẹfọ̀n wo ìta. Oòrùn ń ràn gidi.

"Èmi á máa kàn án," ni Àkókó wí. "Kó-kó-kó, màá fi etí sí i. Tí ẹnì kan bá wà nínú rẹ̀, màá gbọ́."

Inú ọba dùn. Lójú ẹsẹ̀ ló fi Àkókó joyè Agbọ́núgi, ó sì dé e ní fìlà pupa. Ẹ máa wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un o: kó máa ti igi kan bọ́ sí òmíràn, kó máa gbọ́ ohun tí ẹni ẹlẹ́ni ń ṣe nínú ilé rẹ̀. Àkókó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Kòkòrò wà nínú àpéjọ náà, eyín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ronú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí igi tí Àkókó kò ní kàn. Igi wo ni Àkókó kò ní gbójúgbóyà láti kàn? Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó rí òpó tí ọba fẹ̀yìn tì.

Ibẹ̀ ló wọ̀.

Àkókó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kan ìrókò, ó kan arère, ó kan ayùnrẹ́. Kó-kó-kó, á fi etí sí i. Kò gbọ́ nǹkan. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, á wá jíṣẹ́ fún ọba. "Kábíyèsí, gbogbo igi ló dákẹ́."

Kòkòrò kò dákẹ́. Inú òpó ló wà, ó ń yí i ká. Ó fín gbogbo ohun tí wọn kò jẹ́ kó fín láti ọjọ́ yìí wá. Ó fín odò pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ó fín ọjà nígbà tí òjò lé gbogbo ayé sábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo. Ó fín Ìyá Òkété níbi tó ti ń bú àna rẹ̀. Kò rántí pé òpó ló ń gbé òrùlé dúró. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ kì í wo òrùlé.

Ní ọjọ́ kan, Ẹfọ̀n fẹ̀yìn ti òpó rẹ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́.

"Àkókó, o gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan, Kábíyèsí. Gbogbo igi ló dákẹ́."

"Kan òpó yìí."

"Òpó yín, Kábíyèsí?"

"Mo ní kó o kàn án."

Àkókó fi ẹnu kàn án jẹ́jẹ́, kó. Ó dún bí igbá òfìfo.

"Kàn án dáadáa," ni ọba wí.

Àkókó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, kó. Ìyẹ̀fun igi rọ̀ sórí ìwo ọba.

"Kàn án bí ìjòyè tó dé fìlà pupa."

Àkókó sún sẹ́yìn. Ó sọ ẹnu lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, kó. Òpó là sí méjì gbáragadá. Òrùlé wá sílẹ̀, koríko àti ìtì igi, gbogbo rẹ̀. Ẹfọ̀n bú jáde láti abẹ́ rẹ̀, koríko òrùlé wà lórí ìwo rẹ̀. Kò dúró, kò wẹ̀yìn. Ó sá kọjá ọjà, ó sá kọjá ẹnu odi, ó sá títí ó fi dé pápá odàn, níbi tí kò ti sí òpó, tí kò ti sí òrùlé. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Àwọn ìjòyè kò sá. Wọ́n dúró yí òpó náà ká. Oòrùn ràn sínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Odò wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, Ìyá Òkété ń bú àna rẹ̀.

Kòkòrò yọ orí jáde, ìyẹ̀fun kún ojú rẹ̀. "Mi ò tíì parí ẹ̀," ló wí.

Gbogbo ìlú ní, "Máa bọ̀ níta. Ọba ti sá. Máa fín in sí ara igi bíi ti tẹ́lẹ̀."

Kòkòrò jáde. Ó gun igi àkọ́kọ́ tó rí. Ó fi eyín kan ara rẹ̀. Kó-kó-kó, Àkókó ti dé.

"Òfin," ni Àkókó wí.

"Ọba tó ṣe é ti sá lọ," ni Ìyá Òkété wí.

"Ọba ló sá. Òfin kò sá. Ta ló fagi lé e?"

Wọ́n wo ara wọn. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó fagi lé e. Ọba nìkan ló lè fagi lé òfin ọba, ọba sì wà ní pápá odàn. Wọ́n jókòó, wọ́n gbìmọ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ bá Ẹfọ̀n, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pé òfin ti parí, kó sì padà wá sọ fún Àkókó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ. Kí ọbẹ̀ tó hó, mo ti dé."

Gbogbo àgbà bá a wí. "Ìwọ ta ni? Ṣé ọmọdé la máa ń rán sí ọba? Ẹni tó bá dàgbà jù ló máa lọ."

Ta ló dàgbà jù?

Ìgbín ni.

Ìgbín gbà láti lọ. Ó ní nítorí pé ọ̀nà jìn, òun á gbé ilé òun dání. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ìlú sìn ín dé ẹnu odi, wọ́n jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣì ń rí i.

Ó ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tí Kòkòrò-igi fi ń gbé inú igi, tó ń fín ọnà tó wù ú sí abẹ́ èèpo, tí kò sẹ́ni tó ń rí i àfi ìgbà tí igi bá ti kú. Ìdí nìyẹn tí Àkókó fi ń kan igi káàkiri pẹ̀lú fìlà pupa lórí, tó ń fi etí sí i fún ọba tí kò sí nílé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó bó èèpo igi gbígbẹ kan, kó wò ó dáadáa kó tó dáná sí i, kó wá sọ ohun tó rí fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jáde lẹ́yìn òjò, tí ẹ ń ṣa Ìgbín sínú agbọ̀n, tí ẹ ń fi ata àti iyọ̀ sè é, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Òfin tí ẹ ń ráhùn sí, ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹni tó fẹ́ lọ fagi lé e.